Kọ́kọ́rọ́ Tí Ọkọ̀ Wa Kò Mọ̀

Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa mọ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a rà. A mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá títì, ó sì gé ẹ̀dà rẹ̀ kan. Ẹ̀dà náà ṣílẹ̀kùn. A gbé e kọ́ sára ògiri, ọkàn wa balẹ̀. A kò fi ṣíná wò rárá. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bọ́ sọnù lọ́nà oko, a ò bìkítà.

Lóru ọjọ́ kan ní Ìdòfin, èémí ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í há. A sáré gbé wọn sínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbiná. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú níwájú wa. Ẹnì kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé Ìyá Kékeré, aya bàbá wa, fara ti ọkọ̀ náà lọ́sàn-án. Kí a má purọ́, a gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Kékeré yìí ti fi ẹsẹ̀ lásán sáré nínú òkùnkùn lọ jí oníbọ́ọ̀sì kan. Bọ́ọ̀sì yẹn ló gbé ìyá wa dé ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara wọn yá.

Lọ́jọ́ kẹta, oníṣẹ́ kan tí a bẹ̀ wá láti Ìlọrin là wá lójú. Nínú orí kọ́kọ́rọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ bíńtín kan wà tí kò lo bátìrì. Wáyà tó yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká ló ń fún un lágbára láti sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ nọ́ńbà náà, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Láti ọdún 1998 ló ti di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin lásán ni ẹ̀dà tiwa.

Ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ abẹ́ sítíárìn, ó kọ nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ tuntun méjì sínú kọ̀ǹpútà, ó sì pa nọ́ńbà èyí tó sọnù rẹ́. Ẹni tó bá rí i he lè fi ṣílẹ̀kùn, kò lè fi wa ọkọ̀ lọ. Ó ní bí ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà, iṣẹ́ náà ì bá rọrùn, owó rẹ̀ ì bá sì dín kù.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, ẹ tètè ṣe èkejì. Ẹ sì fi ṣíná wò kí ẹ tó gbé e kọ́.

A lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Kékeré. Wọ́n ní kí ni a ṣe? A sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá ìyá wa ti jẹun.