Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Bí ìwọ òǹkàwé bá ń ti Àpápá bọ̀ wá sí Ajégúnlẹ̀ ní àsìkò òjò, ìwọ yóò rí i pé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ kan náà ń rìn láàárín wákàtí kan. Ní ẹ̀bá èbúté, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọnkéré tún Wharf Road ṣe ní ọdún 2017, títì náà le bí àpáta. Ṣùgbọ́n bí o bá ti kọjá Boundary, tí o sì yà sí àwọn òpópónà inú, omi ni yóò pàdé rẹ, lábẹ́ omi náà sì ni kòtò tí ojú kò rí wà. Kí ni kí ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ ṣe sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Àbúrò mi kan, tí ó ń fi píkọ́ọ̀pù gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní Ajégúnlẹ̀, ti ní èsì tirẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bọ́ táyà tí ilé iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ yìí, kí n fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ díẹ̀ sí i, irú èyí tí ojú rẹ̀ rí págunpàgun nì. Kò ní sí kòtò tí yóò dá mi dúró mọ́." Èmi kò bá a jiyàn. Mo ní kí a kọ́kọ́ ka ohun tí a kọ sí ara táyà tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀.

Ìwọ náà lè kà á. 265/65R17 ni a kọ síbẹ̀. 265 ni ìbú táyà náà ní mìlímítà. 65 ń sọ fún wa pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn. 17 sì ni ìwọ̀n irin àárín rẹ̀ ní ínṣì, láti etí kan dé èkejì. Èyí tí ó wu àbúrò mi ni 265/70R17. Bí o bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ga tó mìlímítà 776, ti èkejì sì tó 803. Ìyàtọ̀ náà lé díẹ̀ ní mìlímítà 26, ìdajì rẹ̀ nìkan ni ó sì lè gbé ikùn ọkọ̀ sókè, nítorí pé ìdajì kejì wà ní apá òkè táyà, níbi tí kò ti gbé ohunkóhun. Ìdajì yìí kò tó ìbú ìka ọwọ́ kan. Kòtò wo ni a ó fi ìyẹn fò?

Òótọ́ ni pé táyà olójú págunpàgun a máa di ẹrẹ̀ mú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sì máa nípọn. Èmi kò ní sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti wọn ẹ́ńjìnnì, jíà àti bíréèkì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n fún un. Bí ẹsẹ̀ bá tóbi, tí ó sì wúwo sí i, ẹ́ńjìnnì yóò mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gbé ẹrù gun afárá, epo yóò sì tètè tán. Bíréèkì yóò ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i láti dá a dúró. Bí awakọ̀ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, táyà lè máa ha ara ọkọ̀. Aago tí ń ka eré pàápàá yóò di òpùrọ́: nígbà tí ó bá ń pe eré ní 100, ọkọ̀ ti kọjá 103.

Síbẹ̀, ohun tí ó kàn mí jù lọ kò sí ní ara ọkọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá gbójú lé táyà rẹ̀ kì í rọra wọ inú omi. Bí ó ti ń sáré kọjá ni omi yóò máa ru, tí yóò sì wọ inú yàrá àwọn tí ilé wọn kò ga ju títì lọ, tí yóò sì gbé àtẹ ìyá aláta lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì fa omi sínú láti ojú ihò tí ó fi ń mí, kò sí táyà tí ó lè gbà á sílẹ̀.

Owó tún ń bẹ níbẹ̀. Táyà tuntun wọ́n. Nígbà kan rí, a ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. (Dunlop yìí ni ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin ará Scotland tí ó ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ sí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀.) Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá tọ tòkunbọ̀ lọ, bí òfin tilẹ̀ kọ̀ kí a kó àlòkù táyà irú èyí wọlé. Òmíràn, a ti kì í bọ inú ẹlòmíràn kí kọ̀ǹténà kan lè gba púpọ̀, wáyà inú rẹ̀ sì ti ṣẹ́ kí ó tó gúnlẹ̀ sí Àpápá. Nítorí náà, bàbá fọganáísà tí a lọ bá ní ẹ̀bá Malu Road kò tilẹ̀ béèrè bí táyà ti tóbi tó. Ó ní, "Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ ná." Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó fi hàn wá: bí o bá rí 3519, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2019 ni a ṣe é. Àjọ SON, tí ó ń mójú tó ìdára ọjà, sì ti sọ pé kí táyà má ṣe kọjá ọdún mẹ́rin.

Ìwọ̀n ti ilé iṣẹ́ náà ni àbúrò mi padà rà, olójú págunpàgun, mẹ́rin, tuntun; ìyókù owó sì lọ sí orí bíréèkì. Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún, tí ó so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ de ọjọ́ tí ọ̀kan bá fọ́, kò pààrọ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ wo nọ́ńbà rẹ̀: 2214. A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.