Àká Pákó Ní Ẹ̀yìnkùlé Ẹbí

Ní oṣù Keje ọdún 2017, òjò ńlá kan rọ̀ ní Èkó, àgbàrá sì ya wọ ọ̀pọ̀ ilé. Nínú agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, omi wọ abẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n ń kó ẹrù ẹbí sí. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣeré Èyọ̀ ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún náà. Omi sì rin àwọn àkẹtẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé dé lọ́jọ́ náà, ó bá ìwé àti aṣọ àwọn àgbà jẹ́ pẹ̀lú.

Ọkùnrin kan wà nínú ẹbí náà tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ igi kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè é. Bó ti ń sá àwọn àkẹtẹ̀ sóòrùn, ó pinnu láti kan àká kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹrù ẹbí lè rí ibi gbígbẹ wà. Ní ọjọ́ kejì, ó mú téèpù, ó wọn ilẹ̀, ó kan èèkàn mẹ́rin, ó sì na okùn yí wọn ká. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti fa èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu.

Ìyá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé náà, ló ní kí wọ́n tu wọ́n. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Nígbà tí ẹbí pé jọ ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Tíṣà, ta lo bi kí o tó kan èèkàn mọ́ ilẹ̀ àwọn baba wa?”

“Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Ẹrù gbogbo wa ni mo fẹ́ kó síbẹ̀.”

“Mo gbọ́. Ẹrù ló ń kọ́kọ́ wọlé. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹní á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, a ó gbọ́ pé ilẹ̀ ẹnìkan ni.”

Àbúrò Tíṣà kan tún dá kún un. Ó ní bí wọn yóò bá kọ́ ọ, kí wọ́n kúkú fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n kó lè pẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá dá ariwo sílẹ̀.

Ẹni tí kò mọ ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó lè rò pé ariwo náà ju ọ̀rọ̀ lọ. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ wọ Èkó. Òun ló mú kí ìjọba amúnisìn dá àjọ tí a mọ̀ sí L.E.D.B. sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe. Ní ọdún 1955, nígbà tí Ìyá Àgbà kò tíì pé ogún ọdún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò títún àárín gbùngbùn Èkó kọ́. Wọ́n ní àwọn ilé ibẹ̀ há, wọ́n sì dọ̀tí. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n wó ilé, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí Súrùlérè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà wá mọ́. Láti ìgbà náà, bí Ìyá Àgbà bá rí ẹni tó mú téèpù dání lórí ilẹ̀, àyà wọn a já.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún ti wà ṣáájú ìyẹn. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìkáwọ́ Olóyè Olúwa ní Àpápá. Àmódù Tìjání, tó jẹ́ Olúwa nígbà náà, gbé ẹjọ́ náà dé London. Herbert Macaulay sì bá a lọ ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso dá a láre. Wọ́n gbà pé nínú àṣà ibẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú, kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Níbi tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti wáyé, èèkàn mẹ́rin kì í ṣe ohun kékeré.

Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún. Wọ́n sọ̀rọ̀ náà títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì fẹnu kò. Pákó ni wọn yóò fi kan àká náà. Wọn kò ní gbẹ́ ilẹ̀, wọn kò sì ní lo sìmẹ́ńtì. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni yóò ní, ọ̀kan yóò wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ọjọ́ tí ẹbí bá nílò ilẹ̀ náà, Tíṣà yóò tú u láìjanpata.

Àdéhùn yìí ló sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Tíṣà lọ ra igi ní Òkóbàbá, ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta. Kò ra arère, nítorí pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ bó tilẹ̀ fúyẹ́. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ló rà fún ìsàlẹ̀ àti fún òpó, nítorí pé igi náà ń fara da omi àti ikán. Ó ra àfárá fún ara ògiri. Ó to búlọ́ọ̀kù méjì-méjì léra sí ojú ibi mẹ́fà láìfi ohunkóhun lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ilẹ̀ àká lè ga tó ínṣì 18. Ó tẹ́ pelebe pàánù sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ síta, kí ikán àti eku má lè gùn ún kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àká oko ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé ló ràn án lọ́wọ́. Gígùn àká náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, ìbú rẹ̀ jẹ́ 6. Tíṣà ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́.

“Bí kò bá jẹ́ 10 gééré, ilé yín ti wọ́,” ló wí. Ọmọ kan tó wà ní ìwé kẹta girama ronú díẹ̀, ó ní, “Bàbá, Pythagoras nìyí!” 36 àti 64, ọgọ́rùn-ún. Lójú pátákó ìkọ̀wé, kò tíì yé e tó báyìí rí.

Bóòtù ni Tíṣà fi de àwọn igi náà dípò ìṣó, ó sì fi gíríìsì pa wọ́n nítorí atẹ́gùn iyọ̀ tó ń ti inú ọ̀sà wá. Ó fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ó sì fi àwọ̀n wáyà dí i. Níkẹyìn, ó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà wo gbogbo rẹ̀ yíká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì so kọ́kọ́rọ́ tiwọn mọ́ etí ìró.

Ní ọdún 2021, Ìyá Àgbà jáde láyé. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀, kò sì sí ibòmíràn tí àwọn aláṣè lè gbé ìkòkò kà ju ẹ̀yìnkùlé lọ. Tíṣà kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó mú sípánà, ó pe àwọn ọmọ, wọ́n sì tú àká náà kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọ́n to pákó ti ara ògiri. Ojú àmì búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ló kù sílẹ̀.

Nígbà tí àdúrà parí, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Tíṣà kò sì sọ nǹkan kan nípa àká. Àwọn kan ń ṣọ́ ọ bóyá yóò bèèrè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ tó dá ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ wá bá a lórí ìjókòó, ó sì na kọ́kọ́rọ́ Ìyá Àgbà sí i.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹbí ní kí ẹ kàn án padà. Òjò ń bọ̀.”

Tíṣà gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì ní kí àwọn ọmọ lọ mú téèpù wá.