Ìbéèrè Ọmọdé Kan Nípa Bàlúùnù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí ojú mi rí nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo fi ìgboyà kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún pé afẹ́fẹ́ kò ní ìwúwo, àti pé ìdí nìyí tí bàlúùnù ńlá tí ó ń gbé ènìyàn fi ń léfòó ní òfurufú. Ọmọ kan dìde, ó fi ẹnu fẹ́ bàlúùnù kékeré, ó so ó, ó sì fi í sílẹ̀. Ó balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀, kí ló dé tí kò lọ sókè?” Ojú tì mí. Mo pàṣẹ kí ó jókòó.

N kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Mo ṣí ìwé, mo sì rí àṣìṣe mi. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo: èyí tí ó kún àpótí tí ó gùn, tí ó fẹ̀, tí ó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.2. Mo rántí akèrègbè tí a fi ń ṣeré lódò ní abúlé wa. Bí a ti ń tì í wọ inú omi, bẹ́ẹ̀ ni omi ń tì í padà sókè, nítorí kò wúwo tó omi tí ó lé kúrò ní àyè rẹ̀. Òfurufú pẹ̀lú dà bí odò, àwa sì ń rìn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí kò bá wúwo tó afẹ́fẹ́ tí ó lé kúrò, afẹ́fẹ́ yóò gbé e sókè.

Èémí ẹnu kò fúyẹ́ tó, rọ́bà sì tún fi ìwúwo tirẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n bí iná bá mú afẹ́fẹ́ gbóná, a máa fẹ̀, apá kan a jáde, bàlúùnù a sì fúyẹ́. Báyìí ni bàlúùnù àwọn Montgolfier ṣe gbé ènìyàn méjì kọjá lórí ìlú Párísì ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ọdún 1783. Gáàsì háídírójìn fúyẹ́ ju gbogbo gáàsì lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbiná: ní ọdún 1937, ọkọ̀ òfurufú Hindenburg jóná ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 36 sì kú. Gáàsì hílíọ̀mù wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀, síbẹ̀ ó fúyẹ́ púpọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í sì í jóná.

Ní ọjọ́ kejì, mo sọ fún kíláàsì pé, “Mo ṣì yín lọ́nà lánàá.” Wọn kò fi mí ṣẹ̀sín, ọwọ́ ni wọ́n ń nà láti béèrè sí i. Ọmọ tí mo pa lẹ́nu mọ́ nìkan ni kò nawọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kí ó tó tún béèrè nǹkan. Àìmọ̀ olùkọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Pípa ọmọdé lẹ́nu mọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Òtítọ́ ni àwọn àgbà wa sọ: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè.