Ohun Tí Aago Rí

Nínú gbogbo eré ìje tí a ń sá ní ilé-ẹ̀kọ́, eré mítà 800, èyí tí í ṣe ìyípo pápá lẹ́ẹ̀méjì, ni ó máa ń tan ojú jẹ jù lọ. Ẹni tí ń sá ọgọ́rùn-ún mítà, kí ó ṣáà fi gbogbo agbára rẹ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dá tí ó lè fi irú eré bẹ́ẹ̀ yí pápá ká lẹ́ẹ̀méjì. Bí iṣan bá ń béèrè ju ohun tí èémí lè pèsè lọ, ẹsẹ̀ a wúwo bí ti ẹni tí ń rìn nínú ẹrẹ̀. Agbára ni owó tí sárésáré mú lọ sí ọjà. Bí ó ti ná an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ nípa Dave Wottle, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1972, ní ìdíje Òlíḿpíìkì tí a ṣe ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn mẹ́jọ ni ó sá àṣekágbá eré yìí. Wottle dé fìlà funfun, òun ni ó sì kẹ́yìn nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, débi pé àánú rẹ̀ ìbá ṣe ènìyàn. Ní ìyípo kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi fi ìṣẹ́jú-àáyá 0.03 péré ṣáájú Arzhanov, ará Soviet, dé ìlà ìparí. Ẹni tí ó bá wo eré náà yóò búra pé ṣe ni ọkùnrin yìí ta bí ọfà ní ìgbẹ̀yìn. Aago kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín eré rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, mítà 200 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá tí ó lò ni 26.4, 26.9, 26.4 àti 26.2. Eré kan náà ni ó ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó wà níwájú ni agbára ń tán lára wọn.

Àwọn kan a ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu tán, nítorí Wottle kò lọ́ra: ìwọ̀n ara rẹ̀ ni ó mọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ṣáájú ni aláìmòye. David Rudisha ti ilẹ̀ Kenya ṣáájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní London ní ọdún 2012, ó sì lo ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40.91, tí ẹnikẹ́ni kò sá tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Síbẹ̀, ìyípo kìn-ín-ní gbà á ní 49.28, èkejì gbà á ní 51.63. Ó rẹ òun náà, ṣùgbọ́n kò rẹ̀ ẹ́ kọjá ohun tí agbára rẹ̀ lè gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí ó pẹ́ tí mo ti ń di aago mú ní pápá, mo sì ti rí ibi tí ojú ti dá ẹjọ́ èké. Ọmọkùnrin kan sá ìyípo méjèèjì ní ìṣẹ́jú-àáyá 66 àti 66, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Dípò ìyìn, olùkọ́ tí ń darí wọn pè é ní ọ̀lẹ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí ló dé tí ó fi ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn nígbà tí àwọn ọkùnrin ń sáré. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, òun náà bá àwọn aṣáájú ki eré mọ́lẹ̀, pápá sì ń hó yèè. Ó lo 60 ní ìyípo kìn-ín-ní, ó lo 77 ní èkejì. Ipò karùn-ún ni ó gbà. Olùkọ́ náà yìn ín pé ó ṣe bí akin.

Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi ìwé tí mo kọ àkókò ọjọ́ méjèèjì sí hàn án. Ó rò wọ́n pọ̀: 132, 137. Ó tún un rò. Ó wá béèrè bóyá òun lè mú ìwé náà lọ fún olùkọ́ òun. Mo gbé e lé e lọ́wọ́.