Ìfun Tó Lu, Ikùn Tó Di Pákó

Òrìṣà bí ọ̀fun kò sí, ojoojúmọ́ ní í gbẹbọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí, a sì ń bọ ọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí í bèèrè ohun tí ojú ìfun ń rí lẹ́yìn tí ẹbọ náà bá ti kọjá? Ìfun dàbí ọ̀nà tí a mọ ògiri sí lọ́tùn-ún lósì. Bí ihò bá lu ògiri náà, kì báà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, oúnjẹ, oje inú àti ìgbẹ́ yóò tú sínú ikùn, ibẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀. Péritonite ni àwọn dókítà wa ń pè é. Wákàtí ni a fi ń ka ọjọ́ ẹni tí ó bá dé bá.

Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibà táífọ́ọ̀dù ni ó sábà máa ń lu ìfun ọmọdé àti ọ̀dọ́. Kòkòrò àìfojúrí tí ń fa ibà yìí ń bá omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ènìyàn ti kàn wọlé. Ó ń fìdí kalẹ̀ sí ìparí ìfun kékeré, ó ń jẹ ibẹ̀ bí ikán ti í jẹ òpó. Tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ògiri lè lu. Ẹ kíyè sí àkókò yìí: ibà ti pẹ́, owó ti tán lọ́wọ́, gbogbo ilé sì ti ń sọ pé ó ń lọ.

Ní Ìfọ̀nyìn níhìn-ín, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, akẹ́kọ̀ọ́ wa kan kò wá sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí a lọ kí wọn nílé, ìyá rẹ̀ ní, « Ẹ ṣeun, olùkọ́. Ara rẹ̀ ti ń tutù, inú nìkan ló kù tó ń run ún. » Wọ́n ti rọ àgbo sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì kí inú náà lè ṣí. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ gbọnrangandan, kò fẹ́ mira, kò fẹ́ kí aṣọ kan òun níkùn. Ikùn yẹn le gbagidi. Ventre de bois, ikùn onípákó, ni èdè Faransé ń pè é, a kò sì mọ orúkọ tí ó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alùpùpù ni a fi gbé e dé ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ là á, wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n gé ibi tí ó ti jẹrà kúrò. Nítorí pé ojú rírán lè má dì nínú ikùn tí ó ti kẹ̀, wọ́n fa ìfun jáde sí ẹ̀gbẹ́ ikùn, kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò. Oṣù mẹ́rin ni ó fi gbé àpò náà kiri. A máa ń gbọ́ pé lágbájá yè, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àpò a máa jò, omi ara a máa gbẹ, ojú egbò a máa ṣí padà, ọmọ a sì máa rù. Kí ni a ó ti sọ ti ìtìjú ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó ń gbọ́ òórùn ara rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́? Ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ kejì ni ó tó padà sí kíláàsì, ó sì yan àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Síbẹ̀ olóríire ni. Nínú ọmọ márùn-ún tí ibà yìí lu ìfun wọn tí wọ́n sì dé ilé ìwòsàn ní gúúsù Sàhárà, bí ọ̀kan ni ó ń kú. Àwọn tí kò débẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Àjẹsára wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2018, tí a lè fún ọmọ láti oṣù mẹ́fà. Liberia ni ó kọ́kọ́ fi í kún àjẹsára ọmọdé ní Áfíríkà, ní 2021.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé wọn kò yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò ni? Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdánwò tí Fernand Widal, dókítà ọmọ Faransé, gbé jáde ní 1896 ni a ṣì ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò náà jà ni ó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, èyí sì lè ṣẹ́kù láti ara ibà àtijọ́. Nítorí náà ó lè dáhùn « bẹ́ẹ̀ ni » fún ẹni tí kò ní ibà náà, kí ó sì dáhùn « bẹ́ẹ̀ kọ́ » fún ẹni tí ó ní in. Lójú tiwa, ọwọ́ tí a fi kan ikùn sàn ju ìwé ìdánwò bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti àgbàlagbà yàtọ̀. Ọgbẹ́ inú ni ó sábà ń lu tiwọn. Kòkòrò kan ni ó ń dá a sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí tí Barry Marshall àti Robin Warren ti Australia tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Oògùn ìrora sì ń dá kún un. Ibuprofen, diclofenac: àgbẹ̀ a gbé e mì sínú òfìfo kí ó tó kọ ebè, ọlọ́kadà a gbé e mì kí ó tó gun alùpùpù. Ojúlówó wọn pàápàá ń ṣe é, áḿbọ̀sì ayédèrú. Ní 2009, Jacques Chirac kéde ìpè Kùtọnú lòdì sí ayédèrú oògùn. Ní 2017, àwọn agbófinró gbá Adjégounlè mọ́, níbi tí a ti ń ta oògùn bẹ́ẹ̀ ní ọjà Dantokpa. Tábìlì etí ọ̀nà kò tíì tán.

Ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ lu sábà máa ń lè dárúkọ ìṣẹ́jú tí ó ṣẹlẹ̀, bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gún un. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ìrora lè rọlẹ̀, ilé a sì máa dúpẹ́. Ìdẹra yẹn ni a ń bẹ̀rù jù. Kí a má fún un ní oúnjẹ, kí a má fún un ní àgbo. Ibi tí oníṣẹ́ abẹ wà ni kí a gbé e lọ, Sakété tàbí Àjàṣẹ́, kí a sì sọ wákàtí tí ìrora bẹ̀rẹ̀ fún dókítà.