Ẹ̀yìn Pátákó

Ní oṣù kẹta ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì kékeré kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Irú ọkọ̀ yìí ni àwọn ará Èkó sọ di dánfó. Ní Yúróòpù, iṣẹ́ mìíràn tún kàn án: láti ọdún 1951 ni ilé-iṣẹ́ Westfalia ti ń to ibùsùn, àpótí àti tábìlì sínú rẹ̀, tí ó fi di ilé fún arìnrìn-àjò.

Ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, ni tọkọtaya Yorùbá kan ní ìlú Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rà ní ọdún 2018. Olùkọ́ ni ọkọ, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ikọ́ fée. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà dára, táyà rẹ̀ dára. Àjà rẹ̀ ni kò dára: pátákó fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo irin òrùlé nínú ti rọ̀ wálẹ̀ láàárín, ó sì ti dúdú káàkiri.

Ọ̀dà funfun ni ọkọ lọ rà, nítorí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí ìsinmi wọn bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kùn ún. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Pátákó náà ti bu bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ yìí yóò sùn, imú rẹ̀ ni yóò sì gba ohun tó ń já bọ́."

Ọkọ kò lè jiyàn. Ó fi ìbòmú bo imú, ó tú àjà náà. Ibẹ̀ ni ó ti rí òótọ́ ọ̀rọ̀. Ojú pátákó tí gbogbo ènìyàn ń rí ti gba fánísì lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba nǹkan kan rí, ẹ̀yìn náà ni ó sì ti jẹrà.

Ìyàwó gun àkàbà, ó da omi sórí òrùlé. Ọkọ dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wòkè. Omi ń kán láti ojú ihò tí wọ́n fi de irin ìgbẹ́rù mọ́ òrùlé. Wọ́n há ìpẹtà kúrò, wọ́n kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, wọ́n sì dí ihò náà. Ọkọ rò pé ó parí. Òun àti ọmọ sùn sínú ọkọ̀ ní òru kan tí òjò kò rọ̀, síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti tò sára irin náà wínníwínní. Èémí wọn ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ènìyàn ń mí síta ní omi nínú. Bí ó bá kan irin tútù, ìrì yóò sẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Wọ́n lẹ fóòmù tí omi kì í wọ̀ mọ́ irin náà pẹ́kípẹ́kí, kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè dé ibẹ̀. Pátákó àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe àwòṣe gé tuntun, tí kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ, kí ó lè tẹ̀ bí òrùlé ti tẹ̀. Wọ́n fi sáńpépà há a kúnná. Ẹ̀yìn ni ọkọ kọ́kọ́ kùn, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọmọ náà bi í pé, "Dádì, ta ni yóò rí ẹ̀yìn rẹ̀?"

Bàbá ní, "Omi ni."

Ọ̀sẹ̀ ìsinmi ti kọjá kí iṣẹ́ tó parí, owó ààyè tí wọ́n ti san sílẹ̀ kò sì padà. Ìsinmi kékeré oṣù kẹwàá ni wọ́n tó lọ sí etíkun Whitby. Wọ́n ṣí fèrèsé díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Ọmọ náà kò wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ìyàwó na ọwọ́ kan àjà, ó gbẹ.