Ẹrù Ìdí fún Katakata Àtijọ́

Katakata Massey Ferguson 135 kan ń bẹ ní oko wa, irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1964. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí a ra apá irin ìkólẹ̀ sí iwájú rẹ̀, inú gbogbo ilé dùn, nítorí tí ṣọ́bìrì àti agbọ̀n yóò sinmi. Síbẹ̀ a kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà, nítorí ohun tí ojú wa ti rí ní oko aládùúgbò kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni ó ń wa irú rẹ̀ níbẹ̀, tí ó gbé òkúta wẹ́wẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì gbéra kúrò nílẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì kò mú. Ọpẹ́ ni pé ó tètè sọ garawa ìkólẹ̀ náà kanlẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó ru ọparun gígùn lé èjìká, tí iwájú rẹ̀ gùn ju ẹ̀yìn lọ, kò ní ṣàì fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni katakata: ẹsẹ̀ iwájú ni èjìká, bí ẹrù iwájú ti ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ń fúyẹ́. Ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì sì wà lára irú tiwa, ẹsẹ̀ tí kò tẹlẹ̀ kò sì lè dá ọkọ̀ dúró.

A kọ́kọ́ rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn. A yí ihò ìfẹ́fẹ́ sókè, a rọ omi dé ibẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ní ilẹ̀ òtútù, omi lásán a máa dì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń po iyọ̀ calcium chloride mọ́ ọn, èyí tí í máa jẹ irin ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò kàn wá níhìn-ín. Ṣùgbọ́n omi inú táyà kò dín ẹrù ẹsẹ̀ iwájú kù rárá. Ohun tí a bá so kọ́ sí ẹ̀yìn táyà, lóde pátápátá, ni í ṣe èyí: òun ni ọwọ́ tí ń tẹ ọparun.

Àgbá epo lítà 200 ni a lò. A fi irin la ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá fún apá méjì tí í máa gbé ohun-èlò oko, a ri irin mìíràn sókè fún apá kẹta, a sì da kọnkéré kún un. Ó súnmọ́ kílò 480. Omi ìbá jẹ́ 200 péré. Ìtọ́kọ̀ tí ì bá máa mú èjìká ro awakọ̀ sì fúyẹ́.

Awakọ̀ wa ń ráhùn pé àgbá náà ń jẹ epo. Òtítọ́ ni, ó sì ń mú kí ilẹ̀ oko le. Nítorí náà a máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí a kò bá kó ohunkóhun. Bí a bá sì ń kó ẹrù, garawa kì í ga kúrò nílẹ̀ nígbà ìrìn, nítorí àgbá ẹ̀yìn kò lè gba ọkọ̀ tí ó gbé òkúta sókè lọ́wọ́ àtidojúdé sí ẹ̀gbẹ́.